Ikùn Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ

"Bàbá, aṣọ mi dà?"

"Ó wà nínú omi."

"Nínú omi kẹ̀? Aṣọ tí mo gbé wá lánàá?"

Bàbá kò gbé ojú sókè. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ darí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ abẹ́rẹ́. "Rọra," ni ó wí, "ìwọ tí o máa ń sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n rọra, ṣé aṣọ kan ṣoṣo ni kò ní jẹ́ kí ìwọ náà rọra?"

Àwọn tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ kíkọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà ni ọkùnrin yìí ń ṣe. "Rọra, rọra" tó ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ ni ó di orúkọ mọ́ ọn lára. Kò sí ẹni tó tíì rí i kó sáré rí, ì báà jẹ́ nínú mọ́tò, ì báà jẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fa àga kan, ó jókòó.

Gbogbo oníbàárà ló mọ òfin ṣọ́ọ̀bù náà. Bàbá kì í wọn aṣọ, kì í sì í gé e, àfi bó bá ti kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, tó sá a, tó sì gbẹ. "Aṣọ tuntun a máa purọ́," ni ó máa ń wí. "Yóò gùn, yóò fẹ̀, yóò máa dán. Jẹ́ kó fojú kan omi ná, ìgbà yẹn ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún ọ." Àwọn aránṣọ tó kù ládùúgbò máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tó ti ọwọ́ Bàbá jáde tó súnkì mọ́ èèyàn lára rí.

Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí Ẹ̀rídà fi já wọlé, ẹ̀wù ilé-ìwé lọ́rùn, ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Ọmọ ọmọ Bàbá ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Láti kékeré, bí o bá sọ fún un pé òjò ń bọ̀, tàbí pé búrẹ́dì ti tán, yóò wò ọ́ lójú, yóò ní, "Ẹ̀rí dà?" Bàbá ló fi ń pè é, ó sì mọ́ gbogbo ilé lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan náà tẹ̀ lé e wọlé, ọmọbìnrin tí gbogbo kíláàsì ń pè ní Rédíò. Bí èèyàn bá jókòó tì í fún ìṣẹ́jú kan, kò ní béèrè ìdí.

"Bàbá, ewé yín ṣiṣẹ́," ni Ẹ̀rídà wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Bàbá dá ẹ̀rọ dúró. Àìsàn àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ilé ìwòsàn fún un ní oògùn oníhóró tó gbọ́dọ̀ máa gbé mì láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ó sì kórìíra rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń kórìíra ọṣẹ lójú. Ohun tí Bàbá fẹ́ràn ni omi ewé kíkorò kan tó hù ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé wọn, tí ó máa ń bọ̀, tí ó sì máa ń mu kíkankíkan. Ewé yìí ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì mú lọ sí ilé-ìwé láti fi ṣe iṣẹ́ wọn fún ìpàtẹ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀rídà gbé ìgò náà sójú oòrùn. "Ẹ wò ó. Sítáàṣì tí ẹ fi ń mú kọ́là le ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá kán áyódíìnì, oògùn ojú egbò yẹn, sí sítáàṣì, yóò dúdú bí aró. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ́kọ́ fi itọ́ ẹnu sí i, kò ní dúdú mọ́, torí itọ́ ti gé e wẹ́wẹ́ di ṣúgà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí oúnjẹ wa náà nìyẹn, ṣúgà yẹn ló ń lọ sínú ẹ̀jẹ̀ yín. Lónìí, a fi omi ewé yín sí i, a fi itọ́ sí i, a wá kán áyódíìnì. Kí lẹ rí?"

"Dúdú," ni Bàbá wí.

"Ó túmọ̀ sí pé itọ́ kò rí sítáàṣì gé. Ewé yín dí i lọ́wọ́."

"Itọ́ tèmi ni o," ni Rédíò gbà á. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé itọ́ ẹnu mi kì í sinmi. Ohun tí tíṣà kankan kò rí ṣe, ewé yẹn ṣe é."

Bàbá dìde, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́rùn, ó sì jó yí tábìlì ìgéṣọ ká. Inú Ẹ̀rídà dùn débi pé òun náà jó tẹ̀ lé e. Rọra ò jó ní tirẹ̀. Ó kàn béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bóyá òun lè rí díẹ̀ já fún ìyàwó òun tí àìsàn kan náà ń yọ lẹ́nu, Bàbá sì mú un lọ sẹ́yìnkùlé fúnra rẹ̀. Rédíò ní tirẹ̀ ti bọ́ sí òpópónà, ó ń kéde ewé náà fún gbogbo àdúgbò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti já ewé títí ọgbà ẹ̀yìnkùlé fi ń pá lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà sáyẹ́ǹsì wo ìgò dúdú náà, ó sì yìn wọ́n. "Ó dára gan-an. Apá kejì iṣẹ́ yín ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì wo ara wọn.

"Ìgò kọ́ ló máa ń mu omi ewé," ni tíṣà wí. "Èèyàn ló ń mu ún. Yóò gba inú ikùn kọjá, níbi tí kíkan wà, tí èròjà tí ń da oúnjẹ wà. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ikùn ni kí ẹ dán wò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àbí n ò sọ ọ́?"

Ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì ni ìpàtẹ, àwọn tó bá sì gba ipò kìíní yóò lo ìsinmi wọn ní yàrá ìwádìí yunifásítì. Ẹ̀rídà fẹ́ dé yàrá náà ju bó ṣe fẹ́ bàtà tuntun lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, Rédíò fà á lápá. "Ìgò dúdú la ní, ìgò dúdú la ó gbé lọ. Èwo ni ti ikùn? Ta ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ wá ẹjọ́ sí ara rẹ̀ lọ́rùn?"

Ẹ̀rídà tó ń béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ gbogbo ayé, lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè nǹkan kan. Ó mi orí pé ó dára bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnì kan já lára ẹ̀wù ilé-ìwé rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ki ọwọ́ bọ agolo tí Bàbá ń kó bọ́tìnì sí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá funfun láàárín wọn. Ó mú ọ̀kan, kò ní ihò. Ó mú òmíràn, òun náà kò ní. Ó da agolo náà sórí tábìlì. Bọ́tìnì tí kò ní ihò pọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe bọ́tìnì rárá, oògùn Bàbá ni.

Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú tì í bí ọmọ tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ẹran. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ìyá rẹ."

"Bàbá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí o gbé ìgò dúdú wálé. Ìwọ lo mú ẹ̀rí wá, èmi náà gbà á. Èèyàn kì í ru ẹrù méjì nígbà tí ọ̀kan ti tó. Ara mi le. Òǹgbẹ ló kàn ń gbẹ mí, mi ò sì tètè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́."

Ẹ̀rídà kó oògùn náà jọ sínú ọwọ́. Ìwé sáyẹ́ǹsì ti kọ́ ọ pé òǹgbẹ àti ojú bàìbàì jẹ́ àmì pé ṣúgà ti ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀. Ìgò tó gbé wálé tayọ̀tayọ̀ ló fa èyí. Kò lè pa á mọ́ra. Ó lọ bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń nu gíláàsì bọ́ọ̀sì ilé-ìwé tó ń wà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Màmá kò pariwo. Ó gbé Bàbá sínú bọ́ọ̀sì, ó di ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ṣúgà ti gòkè lóòótọ́. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn, ó sì ń fa ojú ro. Nígbà tí wọ́n délé, Màmá pe Ẹ̀rídà sí kọ̀rọ̀. "Mo rí i fipá mú lónìí. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́? Bó bá jẹ́ pé inú ọkàn rẹ̀ ló ti gbà pé ewé ti tó, agolo míì ni yóò wá."

Màmá kò parọ́. Bàbá gan-an sọ ọ́ nígbà oúnjẹ alẹ́. Ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. "O fi ẹ̀rí hàn mí pé ewé náà ń ṣiṣẹ́. Pé kò tó, ẹ̀rí dà?"

Ẹ̀rídà gbé ṣíbí sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa bi òun náà ní ìbéèrè yẹn. Ó mọ̀ pé bí ewé náà bá yege nínú ikùn, òun ti gba ipò kìíní, bó bá sì kùnà, ìgò dúdú tó rẹwà yẹn di asán. Ṣùgbọ́n Bàbá ni Bàbá. Ó pinnu pé òun yóò ṣe apá kejì, ojú Bàbá ni òun yóò sì ti ṣe é.

Tíṣà fún wọn ní omi kíkan àti èròjà tí ń da oúnjẹ, òun náà sì tẹ̀ lé wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé-ìwé, kí jàǹbá má bàa ṣẹlẹ̀. Ìgò méjì ni wọ́n ṣe. Omi ewé wà nínú ọ̀kan, kò sí nínú èkejì, kí ẹnikẹ́ni má bàa di ẹ̀bi ru omi kíkan. "Ikùn kì í dúró jẹ́ẹ́," ni tíṣà kìlọ̀. "Ẹ gbọ́dọ̀ máa mì ín, kó sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn." Ẹ̀rídà mì ín títí apá fi ro ó. Rédíò gbà á, ṣùgbọ́n Rédíò kò lè sọ̀rọ̀ kó má fi ọwọ́ sọ ọ́, díẹ̀ ló kù kí ikùn fò lọ sójú títì.

Ibi tí Ẹ̀rídà ti ń wá ẹni tí kì í rẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí pẹ́dà ẹ̀rọ ìránṣọ. Sókè, sílẹ̀, sókè, sílẹ̀, láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Wọ́n fi àkísà tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná wé ìgò méjèèjì, wọ́n sì so wọ́n mọ́ pẹ́dà náà. Bàbá fara balẹ̀ jókòó. "Ẹ jẹ́ n wa ikùn mi fúnra mi." Sòkòtò Rọra tó ti gbẹ ni ó gbé sórí ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an, ó ń bá ìgò sọ̀rọ̀: "Ewé mi, má dójú tì mí o." Oníbàárà kan wọlé, ó béèrè ohun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ikùn mi ni," ni Bàbá dá a lóhùn. "Gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, má tẹ̀ ẹ́." Rédíò ń ròyìn gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù. "Ewé ti wọ inú ikùn, ikùn gbá a, ewé dìde, kíkan mú un ní ẹsẹ̀." Tíṣà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú gíláàsì rẹ̀. Màmá ló ń pààrọ̀ omi gbígbóná. Tí ènìyàn bá kọjá lójú títì, yóò rò pé ìgbéyàwó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Nígbà tó tó àkókò, tíṣà bu sódà díẹ̀ sínú ìgò méjèèjì láti pa kíkan inú wọn. Ẹ̀rídà da omi ewé tó ti gba ikùn kọjá mọ́ sítáàṣì. Rédíò fi itọ́ sí i. Gbogbo wọn na ọrùn wo ìgò. Lẹ́yìn náà ni Ẹ̀rídà kán áyódíìnì sí i.

Kò dúdú. Àwọ̀ tíì tí wọ́n fi omi là ni ó kù nínú ìgò; itọ́ ti rí sítáàṣì gé.

"Tún un ṣe," ni Bàbá wí.

Ó tún un ṣe. Bákan náà ni.

Ẹ̀rídà rí yàrá ìwádìí yunifásítì tó ń lọ kúrò lọ́wọ́ òun, ó sì dùn ún, kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ó gbé ìgò náà lé ọwọ́ Bàbá. "Bàbá, bí aṣọ bá wọ inú omi tó súnkì, ìwọ̀n wo lẹ máa ń gbà gbọ́? Ti àkọ́kọ́ ni, àbí ti ẹ̀yìn omi?"

Bàbá wo ìgò. Ó wo aṣọ tó ń ro omi lórí okùn. Ó wo pẹ́dà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú, títí ó fi dé ejìká. "Ọmọ yìí ti fi òfin ṣọ́ọ̀bù mi mú mi. Aṣọ gbogbo ayé ni mò ń rẹ. Ara tèmi nìkan ni mo gé láìrẹ." Ó na ọwọ́. "Ẹ gbé oògùn mi wá." Kò sí ẹni tó fipá mú un, kò sì fa ojú ro.

Tíṣà ní kí wọ́n má tíì palẹ̀ mọ́. Wọ́n gé ápù sí ọ̀nà méjì, wọ́n fi omi inú ìgò tó ní ewé pa ọ̀kan, wọ́n fi ti èyí tí kò ní ewé pa èkejì. Èyí tí kò ní ewé pọ́n bí irin tó dípẹtà. Èyí tó ní ewé ṣì funfun. "Ẹ rí i?" ni tíṣà wí. "Agbára tí ewé yìí fi ń dènà nǹkan tó ń ba ara jẹ́ ṣẹ́ kù lẹ́yìn ikùn. Èyí tó ń dí ṣúgà lọ́wọ́ ni kò ṣẹ́ kù. Ápù kì í ṣe èèyàn o, ìgò kì í sì í ṣe èèyàn, ìwádìí ṣì pọ̀ níwájú. Ẹ lè máa mu ún, Bàbá, bí dókítà bá gbà. Ẹ má kàn fi rọ́pò oògùn."

Nígbà tí Ẹ̀rídà ń sìn ín relé ni Rédíò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Àwa péréte la rí ìgò tí kò dúdú yẹn. Bàbá ti padà sídìí oògùn. Kí ló kù? Jẹ́ ká gbé dúdú lọ."

"Bàbá tiwa gbọ́ nípa dúdú, ó kó oògùn sínú agolo bọ́tìnì," ni Ẹ̀rídà dá a lóhùn. "Ìwọ lo kéde rẹ̀ ládùúgbò. Mélòó nínú wọn ló ti ní agolo tiwọn báyìí?"

Rédíò la ẹnu, ó sì pa á dé. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n fi bọ́ọ̀sì Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé, Bàbá sì jókòó sídìí rẹ̀ bí ọba. Gbogbo ìdílé àti aládùúgbò wá, Rọra náà wà níbẹ̀ nínú sòkòtò tuntun. Ẹ̀rídà gbé ìgò méjèèjì sókè, dúdú lọ́wọ́ ọ̀tún, èyí tí kò dúdú lọ́wọ́ òsì, ó sì ṣàlàyé láìfi ọ̀kan pamọ́.

Adájọ́ kan gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé iṣẹ́ yín kò yọrí?"

"Ó yọrí, sà," ni Ẹ̀rídà wí. "Ohun tí a rí níbẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí a fẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ lọ́dọ̀ wa pé ewé yìí tó fún àtọ̀gbẹ, a bẹ̀ yín, a yára sọ̀rọ̀. Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀."

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, àga kan ṣubú. Rọra ti dìde. "Ìyàwó mi," ni ó wí. Ó yí padà, ó sì sáré. Rọra sáré. Ó sáré gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sáré kọjá mọ́tò ara rẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí iwájú ilé-ìwé, ó sì forí lé ojú títì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Màmá mú kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì. Wọ́n bá a níbi tó ti ń mí bí ewúrẹ́ tí òjò lé, wọ́n gbé e, wọ́n délé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sùn sórí àga, ètè rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ wúwo, ife omi ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oògùn rẹ̀ wà nínú dúrọ́wà. Láti ọjọ́ tí ewé ti wọlé ni kò ti fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Dókítà ní wọ́n tètè dé, pé bó bá ti di ọ̀la ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀.

Àwọn ọmọkùnrin tó ṣe asẹ́ omi ló gba ipò kìíní, ó sì tọ́ sí wọn. Ipò kejì ni Ẹ̀rídà àti Rédíò gbà. Ẹ̀rídà sunkún díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Màmá sì jẹ́ kó sun ún tán. Rédíò kò ráyè sunkún. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ojúlé dé ojúlé ni ó ń lọ, gbogbo ibi tó ti gbé ìròyìn àkọ́kọ́ dé ni ó ń gbé èkejì lọ. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́nu. Èyí náà, ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ìgbà tí ọgbà ẹ̀yìnkùlé tún bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, aṣọ tuntun lọ́wọ́. Ìyàwó Rọra ni. Ó fẹ́ rán ẹ̀wù. Ó ti na apá láti jẹ́ kí wọ́n wọn òun, ṣùgbọ́n Bàbá gba aṣọ náà, ó jù ú sínú omi.

"Màmá, ẹ padà wá lọ́jọ́ Ajé," ni Ẹ̀rídà wí.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì di Ẹ̀rídà mọ́ra pinpin. "Èmi ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rẹ nǹkan? Ẹ rẹ ẹ́ dáadáa, ọmọ mi."

Bàbá gbé oògùn rẹ̀ sẹ́nu, ó fi omi sìn ín, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ. Ohun tí wọ́n kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ṣòroó sọ. Ìròyìn tó bá dùn létí, ẹ jẹ́ kó fojú kan omi ná kí ẹ tó gbé e jáde, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín lè di oògùn ẹlòmíràn. Bí ẹ bá sì ti gbé e jáde kó tó tó àkókò, ẹ tètè sáré tẹ̀ lé e. Rọra fúnra rẹ̀ sáré.